Àtàǹpàkò mi tún wọnú kóńgò: ṣé mo ti ronú pìwà dà lóòótọ́?

Ìyá Ẹlẹ́wà, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí, kò jìnnà sí ààfin Déjì, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìjọ wa, torí èmi ni mò ń darí àdúrà àwọn obìnrin ní Ọjọ́rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Gbogbo ẹni tó ń ra oúnjẹ lọ́jà ló mọ kóńgò. Ohun tí a máa ń fi kóńgò ṣe ni púpọ̀ nínú yín lè má mọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan. Bàbá yẹn da kóńgò tuntun dojú bolẹ̀, ó mú òòlù kékeré, ó ń lu ìdí rẹ̀ yípo yípo, kò lù ú kíkankíkan, títí ìdí kóńgò fi wú sínú bí ẹ̀yìn ahun. Tí o bá gbé e kalẹ̀, á jókòó dáadáa, kò ní mì. Oníbàárà á rí i tí ẹ̀wà kún dé ẹnu, mo tún lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e gẹ́gẹ́ bí ènì, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ lórí àpò kan, kóńgò mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Mo fi rán ọmọ níléèwé. Mo fi dá ìdámẹ́wàá pẹ̀lú.

Lọ́dún 2014 ni Olúwa bá mi wí. Kì í ṣe ìwàásù ni mo gbọ́. Òjò ló ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọjà dá, mo ṣí Bíbélì sí Òwe orí kọkànlá, ẹsẹ kìíní gan-an, níbi tó ti ní ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa. Ìríra. Mo gbójú sókè, mo rí kóńgò náà níwájú mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nìyẹn, àwọn ará ọjà rò pé wọ́n túfọ̀ òkú fún mi ni. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, mo ní kó lu ìdí rẹ̀ kó tẹ́ padà. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, owó ọkọ̀ gun òkè, ẹ̀wà wọ́n, ẹni tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń tà ju tèmi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, mò ń wọn ẹ̀wà fún ọmọdébìnrin kan tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́. Mo wolẹ̀, mo rí ọwọ́ ara mi. Ìka mẹ́rin wà lẹ́yìn kóńgò, àtàǹpàkò wà nínú, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan, ó wọlé títí dé ìdí. Ẹ̀wà bò ó mọ́lẹ̀. Àyè tó gbà níbẹ̀ tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Mi ò rán an níṣẹ́, ara mi ló mọ ọ̀nà náà fúnra rẹ̀.

Ti ọjọ́ yẹn, mo lè pè é ní àṣìṣe. Àmọ́ mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, mo sì mọ̀ pé mò ń ṣe é. Mo ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní gbogbo Ọjọ́rú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbàdúrà níwájú àwọn obìnrin.

Ìbéèrè mi rèé. Ìsíkíẹ́lì 36:26 ní Ọlọ́run yóò mú ọkàn òkúta kúrò, yóò sì fi ọkàn ẹran fún wa. Tó bá ti mú un kúrò lára mi lọ́dún 2014, àtàǹpàkò ta wá lèyí? Ṣé mo ronú pìwà dà rí rárá? Àti àwọn tí mo ti jẹ ẹ̀wà wọn láti ọdún yìí wá ńkọ́, tí mi ò tiẹ̀ lè dá ojú wọn mọ̀ mọ́?

Ajíhìnrere

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. 1 Jòhánù 3:9 sọ pé ẹni tí a ti ipa Ọlọ́run bí kì í dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó bá padà sídìí ohun tó ti kọ̀ sílẹ̀, Pétérù fi í wé ajá tó padà sí èébì ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹkún lẹ sun lọ́dún 2014, kó má jẹ́ ìrònúpìwàdà. Ẹ kọ́kọ́ fi ipò adarí yẹn sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Èmi náà ò pé, Ọlọ́run mọ̀, àmọ́ tí a bá ń pe ẹ̀ṣẹ̀ ní àìlera, kò sẹ́ni tí yóò rí ìwòsàn.

Bàbá Oníkòkó, Oǹdó

Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹ kú ọjà o. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, oko kòkó ni mo fi tọ́ ọmọ, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu Bíbélì kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ajíhìnrere, ọmọ mi, mo gbọ́ ọ, ìtara rẹ dára. Ṣùgbọ́n fi ojú kan padà sẹ́yìn nínú lẹ́tà kan náà, 1 Jòhánù 1:8: bí a bá wí pé a kò ní ẹ̀ṣẹ̀, a tan ara wa jẹ. Àwọn onígbàgbọ́ ló ń kọ ọ́ sí, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì tó ń ta ko ara wọn nínú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀. Gbọ́ èdè tiwa náà: "kì í" ni wọ́n lò níbẹ̀. Ohun tí èèyàn sọ di ìwà là ń fi "kì í" sọ. Ẹni tó bá sọ kóńgò lílù di ilé tó ń gbé, tó sì ń sùn dáadáa nínú rẹ̀, òun ni Jòhánù ń bá wí. Ìyá yìí ò rí oorun sùn níbẹ̀, òun ló fi kọ̀wé sí wa.

Ìyá mi, ẹ bi wá pé àtàǹpàkò ta ni. Ti yín ni. Ẹ má gbé e fún Èṣù, ẹ má sì gbé e fún owó ọkọ̀. Sáàmù 51, ẹsẹ karùn-ún: Dáfídì ní nínú ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyá òun lóyún òun. Kò sọ ọ́ láti fi bẹ̀bẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ohun tó ń sọ ni pé ohun tí òun ṣe sí Ùráyà, ẹni tí òun gba ìyàwó rẹ̀ tí òun sì ní kí wọ́n pa, kò já bọ́ láti ojú ọ̀run, pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi náà fẹ́ bi yín léèrè kan. Kí ó tó di 2014, ẹ fi kóńgò tó wú nídìí wọn ẹ̀wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ fi dá ìdámẹ́wàá, inú yín sì dùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀wà bo àtàǹpàkò mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú, ẹ sì rí i. Ojú tí ẹ fi rí i yẹn, níbo lẹ ti rí i?

Ẹ jẹ́ n fi oko ṣàlàyé. Tí a bá fọ́ kòkó, a ó kó hóró rẹ̀ jọ tòun ti omi rẹ̀, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, á wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, a ó sì máa yí i. Kò sí ohun tó dára láti wò níbẹ̀. Omi ń ṣàn jáde, ó ń rùn bí ẹmu tó ti kan, tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ooru rẹ̀ á lé yín padà. Inú ooru yẹn ni hóró náà ti ń kú, tí kò ní lè hù mọ́, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní sùúrù á sá a sóòrùn lọ́jọ́ tó fọ́ ọ. Ó máa gbẹ. Á pọ́n lẹ́yìn bíi ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń yẹ kòkó wò bá fi ọ̀bẹ là á sí méjì, inú rẹ̀ á hàn, á dúdú bí eérú tàbí kó ní àwọ̀ elése àlùkò, wọ́n á sì dá a padà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti bu omi wọ́n kòkó lóru rí, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kó lè tẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ kejì. Mo ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn.

Ohun tí ẹ jẹ́rìí ẹ̀ lọ́dún 2014, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n kó kòkó náà sóòrùn. Abẹ́ ewé lẹ wà. Pọ́ọ̀lù tó sọ pé ẹni tó wà nínú Kristi jẹ́ ẹ̀dá titun, òun náà ló sọ nínú ìwé kan náà pé ọkùnrin ti inú wa ń di titun lójoojúmọ́. Ó di titun, ó sì ń di titun.

Ẹ tún padà sí Sáàmù 51, ẹsẹ kẹwàá. Dáfídì ní "dá àyà titun sínú mi." Ọ̀rọ̀ tó lò fún "dá" yẹn ní èdè Hébérù, òun náà ló wà ní ẹsẹ àkọ́kọ́ Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ọlọ́run ti dá ọ̀run òun ayé. Nínú Bíbélì Hébérù, tí a bá lo ọ̀rọ̀ náà báyìí, Ọlọ́run nìkan ni a ń lò ó fún. Alágbẹ̀dẹ lè lu ìdí kóńgò kó tẹ́. Kò lè dá àyà.

Lórí ti ipò, mo gbà pẹ̀lú Ajíhìnrere. Ẹ lọ bá pásítọ̀ yín. Ẹ má ṣe dá nìkan gbé e.

Télọ̀, Òkè-Àró

Màmá, ẹ kú àárẹ̀ ọkàn. Ègé aṣọ oníbàárà tí mo máa ń yọ́ gé pamọ́ ni tèmi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ti àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè: Léfítíkù 6 ní kí èèyàn dá a padà, kó sì fi ìdámárùn-ún lé e. Àwọn tí mo mọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn tí mi ò mọ̀, mo rí i nínú Númérì 5:8 pé tí kò bá sí ẹni tí a lè dá a padà fún, ti Olúwa ni, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí láì dárúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi ra ìdáríjì. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Sákéù, agbowó òde inú Lúùkù 19, dáadáa. Jésù ti sọ pé òun ní láti wọ̀ sí ilé rẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí igi pẹ̀lú ayọ̀, kó tó mẹ́nu ba pé òun á dá ohun tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, ó yẹ kí n padà wá jábọ̀.

Ajíhìnrere, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, mi ò sùn lóru ọjọ́ tí mo kà á. Ṣùgbọ́n òun ló gbé mi dìde lọ bá pásítọ̀. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n bá mi gbàdúrà, wọ́n ní kí ẹlòmíràn máa darí Ọjọ́rú fúngbà díẹ̀. Mo ń jókòó lẹ́yìn báyìí. Kò rọrùn. Ó ti pẹ́ tí mo gbàdúrà láì jẹ́ pé ẹnì kan ń gbọ́ bí mo ṣe ń gbà á.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín àti ọ̀rọ̀ Télọ̀ ni mò ń rò nídìí ọjà, ó wá yé mi ní ìlànà ènì. Ẹ mọ bí ènì ṣe rí. Oníbàárà ti sanwó, mo ti wọ̀n ọ́n, mo wá bu díẹ̀ lé e. Ẹni tí kò rajà kì í bèèrè ènì. Bí mo ṣe ń lo oore-ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Èmi ni mò ń sanwó, kóńgò mi ti tẹ́, mò ń darí àdúrà, Ọlọ́run wá ń bu díẹ̀ lé e fún mi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rí àtàǹpàkò yẹn. Mo rò pé owó ti tán lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún fẹ́ fi gba ènì? Títù 3:5 ni mo wá kà, kì í ṣe nípa iṣẹ́ tí àwa ṣe nínú òdodo, mo kà á títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò mú kọ́bọ̀ kan wá rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí mo mọ̀ jù. Ìyá alákàrà kan wà tó máa ń ra kóńgò méjì lọ́wọ́ mi láràárọ̀, ó ti pẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ Ẹtì, kó tó sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo ti fi ọwọ́ jẹ ẹ̀wà yín." Mo fi hàn án bí mo ṣe máa ń mú kóńgò. Mo gbé kóńgò mẹ́rin tí mo ti wọ̀n sínú ọ̀rá fún un.

Kò sọ nǹkan kan. Ó tú ọ̀rá náà, ó da gbogbo ẹ̀wà padà sínú àwo mi. Ó ní, "Tún un wọ̀n. Kí n rí ọwọ́ ẹ."

Mo tún un wọ̀n. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, ó ní, "Ó kún." Ó kó o, ó lọ. Kò ní òun dárí jì mí, mi ò sì bèèrè. Mo gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì mí, tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń wọ̀n ọ́n fún un, ọ̀nà ló máa ń wò, ó ń wá ọ̀kadà. Ó tún wá láàárọ̀ yìí. Kóńgò méjì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e nísàlẹ̀, ọwọ́ mi ló ń wò, mo sì dúró kó wò ó tán kí n tó dà á sínú báàgì rẹ̀.