Ṣé wọ́n lè gbà mí fún PhD kejì lókè òkun?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo gba PhD, ìyẹn oyè dọ́kítọ́réètì, nínú kẹ́mísírì ní 2021, àmọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ò jọ kẹ́mísírì mọ́ rárá, ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ló gbà mí lọ́kàn, bó ṣe ń ràn, ẹni tó ń mú, ìdí tó fi ń mú un, mo sì fẹ́ lọ ṣe PhD míì lórí ẹ̀ lókè òkun. Mo kọ̀wé síbi mẹ́ta, ibì kan ní àwọn kì í gba ẹni tó bá ti ní PhD, àwọn yòókù ò tíì fèsì. Ẹnì kan wá ní kí n má wulẹ̀ dárúkọ ti àkọ́kọ́, kí n fi máàsítàs nìkan sí fọ́ọ̀mù. Ọkàn mi ò gbà á. Ta ló ti gba ọ̀nà yìí rí?

Èsì 1
Áà, Dókítà, ẹ má dán an wò o, mo bẹ̀ yín ni. Gbogbo ilé ìwé gíga tẹ́ ẹ ti kà ni fọ́ọ̀mù yẹn máa ń béèrè, ẹ sì máa fọwọ́ sí i pé òótọ́ lẹ sọ. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, wọ́n lè lé yín, wọ́n tiẹ̀ lè gba oyè ọ̀hún padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣe tán. Ẹni tó bá sì tẹ orúkọ yín sí Google, thesis yín, ìyẹn ìwé ìwádìí tẹ́ ẹ fi gba PhD, ló máa kọ́kọ́ rí. Àwọn ọdún tẹ́ ẹ fi ṣe PhD ńkọ́, kí lẹ máa ní ẹ ń ṣe nígbà yẹn?

Èsì 2
Òótọ́ lẹni òkè yìí sọ. Àmọ́ gbogbo ilẹ̀kùn kọ́ ló tì o. Berkeley, ìyẹn ti University of California ní Amẹ́ríkà, sọ gbangba pé ẹni tó ti ní dọ́kítọ́réètì lè gba òmíì tó bá jẹ́ ẹ̀ka tó yàtọ̀ gédégédé sí ti àkọ́kọ́. Ní Jámánì náà ẹ máa rí àwọn tó ń kọ Dr. Dr. síwájú orúkọ wọn, pàápàá àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n, torí wọ́n gbọ́dọ̀ kàwé ìṣègùn kí wọ́n tún ka ti eyín. Lẹ́tà yín ni iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí PhD kẹ́mísírì ò lè bá yín ṣe nínú iṣẹ́ tuntun yìí. Ẹ sì kọ́kọ́ wá pírófẹ́sọ̀ tó máa bójú tó yín kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Èsì 3
Owó ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ló le. Ẹ̀yáwó tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó ń ṣe dọ́kítọ́réètì, ẹni tó bá ti ní ọ̀kan ò lè gbà á. Doctoral Networks ti Marie Skłodowska-Curie náà, ìyẹn ètò tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń sanwó fáwọn tó ń ṣe PhD, wọn kì í mú ẹni tó bá ti ní PhD. Àmọ́ Marie Skłodowska-Curie yìí kan náà ní owó postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ téèyàn ń ṣe lẹ́yìn PhD, ẹni tó bá ti ní PhD nìkan ló wà fún, tí ìrírí ìwádìí ẹ̀ látìgbà tó ti gbà á ò bá ju ọdún 8 lọ, ọdún tẹ́ ẹ bá fi ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ìwádìí ò sì wọ ìṣirò yẹn. Ṣé ẹ ò ní gba ibẹ̀ wọlé? Tàbí máàsítàs ọlọ́dún kan nínú epidemiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àrùn ṣe ń ràn, kẹ́ ẹ wá ṣe postdoc lé e.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Mi ò ronú kan postdoc rárá, mo rò pé ẹni tó bá ti wà ní ẹ̀ka yẹn tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí pírófẹ́sọ̀ mi àtijọ́ ṣì kọ lẹ́tà fún mi?

Èsì 3
Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣèwádìí. Ẹ wá ẹnì kan kún un níbi iṣẹ́ tẹ́ ẹ wà báyìí.