Ewú ni idẹ ń hu, kì í ṣe ìpẹtà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún ìwé atúmọ̀ wa ni pé kí la máa pe àwọ̀ tó ń bo ara aago ọwọ́ onídẹ tó bá ti pẹ́, èyí tí àwọn tó fẹ́ràn aago ń fi ẹyin sísè tàbí fínígà mú jáde nínú ilé, torí wọn ò lè fi ọdún dúró dè é. Ẹnì kan ní ìpẹtà idẹ. Ẹlòmíràn ní àwọ̀ àtijọ́. Ẹnì kẹta ní kí á kúkú máa kọ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, pátínà. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìpẹtà ló léwu jù. Irin ló ń dípẹtà. Tí irin bá dípẹtà, á máa ṣí kúrò lára, abẹ́ rẹ̀ á tún dípẹtà, títí irin náà á fi jẹ tán. Abájọ tí Bíbélì Yorùbá fi to ìpáàrà pọ̀ mọ́ kòkòrò nínú Mátíù orí 6, pé wọ́n ń ba ìṣúra jẹ́. Ti idẹ yàtọ̀. Bàbà inú rẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pọ̀, tó ń di ìpele fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ara idẹ pinpin, ìpele yẹn náà ló sì ń dí omi àti afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ẹ wo Ère Òmìnira ní New York. Bàbà ni wọ́n fi bò ó, àwọ̀ bàbà ló sì ní nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1886. Nígbà tó fi máa di 1906, ara rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé, àwọn aláṣẹ rò pé ó ń bàjẹ́, wọ́n fẹ́ kùn ún lọ́dà. Àwọn ará ìlú fárígá. Àwọn ẹnjiníà ológun yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ohun aláwọ̀ ewé yẹn gan-an ló ń ṣọ́ bàbà náà. Bí a bá wá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìpẹtà, a ti sọ fún ẹni tó ń kà á pé kó wá nǹkan fi ha á kúrò.

Àwọ̀ àtijọ́ dùn létí, àmọ́ kò bá ohun tí wọ́n ń ṣe mu. Wọ́n á tú okùn aago, wọ́n á fi ọṣẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ara rẹ̀ títí ọ̀rá ìka ọwọ́ á fi kúrò, torí ibi tí ọ̀rá bá kù sí, àwọ̀ ò ní mú un dọ́gba. Wọ́n á se ẹyin kó le, wọ́n á gé e, wọ́n á kó òun àti aago sínú ike kan, láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra, wọ́n á sì dé e pa. Imí ọjọ́ inú ẹyin á gba inú òórùn rẹ̀ jáde, á bá bàbà pọ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ara aago á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tó bá pẹ́ síbẹ̀, á dúdú. Ẹ̀yìn aago kì í sábà yí padà, torí irin aláìdípẹtà tàbí títáníọ̀mù ni wọ́n máa ń fi ṣe é, kí bàbà má baà kun ọrùn ọwọ́ ní àwọ̀ ewé. Kí ló wá jẹ́ àtijọ́ nínú aago tí wọ́n rà lóṣù tó kọjá? Aago onídẹ gan-an kò tíì pẹ́ láyé: Gérald Genta, ayàwòrán aago, ṣe ọ̀kan ní 1988, ẹ̀yìn ìgbà tí ilé-iṣẹ́ aago Panerai gbé aago onídẹ tí wọ́n ń pè ní Bronzo jáde ní 2011 ló sì tó wá gbajúmọ̀.

Ní ti pátínà, ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ dà? “Aago mi ti pátínà” kò ṣeé sọ.

Ewú ni mo mú wá. Idẹ ń hu ewú. Ewú kì í ṣe ọ̀dà tí ẹnì kan kùn síni lórí. Láti ara ẹni ló ti ń jáde, iyì ló sì jẹ́. Ẹ lè ní ọjọ́ orí ni ewú náà ń sọ, bí àtijọ́. Rárá. A mọ àwọn ìdílé tí ọmọ ogún ọdún ti ń hu ewú, kò sì sẹ́ni tó máa ní ewú tiwọn kì í ṣe ewú. Bẹ́ẹ̀ ni ti inú ike: ewú gidi ni, ó kàn tètè dé. Ẹni tó bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀ lè pè é ní ewú àmúhu.

Wọ́n á tún ní idẹ Ọ̀ṣun kì í hu nǹkan kan, pé dídán ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí a ò fi ní orúkọ iyì fún un tẹ́lẹ̀.

Iyọ̀ ló dá ìṣòro sílẹ̀. Fínígà oníyọ̀ máa ń mú àwọ̀ ewé jáde kíákíá, ó sì rẹwà, àmọ́ kílóráìdì inú iyọ̀ lè wọ ara idẹ, kó máa jẹ ẹ́ nígbàkígbà tí ọ̀rinrin bá kàn án. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé á máa yọ, ihò kéékèèké á máa lu síbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ère ní mùsíọ́mù ń pè é ní àrùn, mo sì fara mọ́ wọn: àrùn idẹ. Ẹ nu ìyẹ̀fun náà kúrò wò. Tó bá tún ń yọ bí ìyẹ̀fun, àrùn ni.

Àwọn gbólóhùn tí màá kọ sínú ìwé atúmọ̀ nìyí: “Aago mi ti ń hu ewú.” “Ẹyin ni mo fi mú un hu.” “Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fá ewú rẹ̀.” Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju àrùn idẹ lọ, kó mú un wá, torí òun ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn tán.