Àgbàdo mi ti bu nínú àpò, ṣé mo ṣì lè ṣa èyí tó dára?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo tú àpò àgbàdo kan lánàá. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbóná, àwọn hóró ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé sì bo ojú wọn. Májèlé aflatoxin tó lè wà nínú àgbàdo tó bu ló ń bà mí lẹ́rù: ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í pa á tán, kódà hóró tó ń dán lè ní in nínú. Ṣé ṣíṣà á tó, àbí kí n da gbogbo ẹ̀ nù? Mi ò tiẹ̀ fẹ́ fi bọ́ adìyẹ.

Àwọn àpò tó kù ńkọ́? Wọ́n ní kí omi inú hóró má ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Ẹnì kan ní kí n mi ín pọ̀ mọ́ iyọ̀ gbígbẹ nínú ìgò, pé tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìgò, kò tíì gbẹ. Ta ló ti dán an wò? Àwọn ọmọdé ló máa jẹ ẹ́ o.