Aparadà ni, kì í ṣe apaláradà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe àwọn róbọ́ọ̀tì oníkúùbù tó ń tún ara wọn tò ní "ẹ̀rọ apaláradà". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "lá" yẹn ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ta ni ẹ̀rọ náà ń pa láradà? Nínú àlọ́ ìyá ìyá mi, àgbọ̀nrín bọ́ awọ sílẹ̀, ó di arẹwà obìnrin. Màmá ní ó paradà. Wọn ò sọ fún wa rí pé ẹnì kan pa á láradà.

Ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. M-Blocks, irú róbọ́ọ̀tì oníkúùbù bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùwádìí Romanishin, Gilpin àti Rus gbé jáde ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní 2013, kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nínú ikùn kúùbù kọ̀ọ̀kan, ó lè yí tó ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí bíréèkì bá gbá a mú lójijì, kúùbù á tàkìtì gun èkejì rẹ̀, òòfà etí rẹ̀ á sì dì í mú. Agbára inú ara rẹ̀ ni. Ẹ máa ní ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń gba àṣẹ láti ìta. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí onílù bá lùlù tí oníjó jó, ṣé onílù ló jó ni?

Yàtọ̀ sí títàkìtì, irú ìrìn kejì wà tí kúùbù lè rìn. Àbúrò wa tó pe ìyẹn ní "yíyọ́", ohùn òkè yẹn kò bá a mu rárá. Òrí ló ń yọ́. Kúùbù tó ń gba ẹ̀gbẹ́ èkejì rẹ̀ kọjá ń yọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, torí ètò ìgbésẹ̀ tí à ń là sílẹ̀ fún irú ìrìn méjèèjì yàtọ̀. Èyí tó ń yọ̀ rọrùn: ní 2006, àwọn olùwádìí Dumitrescu àti Pach fi ẹ̀rí hàn pé àwọn onígun mẹ́rin tó ń yọ̀ lórí pẹpẹ lè kúrò nínú ìrísí èyíkéyìí bọ́ sí òmíràn, bí iye wọn bá ti dọ́gba, láìjẹ́ pé àkójọ wọn já sí méjì. Èyí tó ń tàkìtì ní wàhálà. Igun rẹ̀ máa ń gba àyè bó ṣe ń dojú dé, ó lè kọlu aládùúgbò, ìtò mìíràn sì wà tí kúùbù kankan ò ní lè mira níbẹ̀.

Bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, wọn ò gbà kí á fi "yí" kan ṣoṣo bo gbogbo ìṣípòpadà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "tàkìtì" lọ, kó gbé e wá. Kẹ̀kẹ́ inú ló ń yí.