Ìńṣọ́ránsì ní àwọn ò ní san owó tíkẹ́ẹ̀tì mi torí pé fáọ́ṣà ni mo fi rà á

Ìyá Ayọ̀, Challenge
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ gbà mí o, oorun ò kùn mí mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Jámánì, èmi ni mo fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ilé iṣẹ́ bàálù wọ́gi lé ìrìn àjò mi. Wọn ò dá owó padà, fáọ́ṣà ni wọ́n fún mi, ìwé tí mo lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́dọ̀ wọn dípò owó. Fáọ́ṣà yìí ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo fi 186,000 náírà lé e. Mo tún ní ìńṣọ́ránsì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ mi kán, dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Mo pe ìńṣọ́ránsì, ọmọbìnrin kan ń jẹ nǹkan lẹ́nu bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀: "Màmá, fáọ́ṣà kì í ṣe owó." Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà, ọmọ kan ò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí! Ẹ̀lùbọ́, òrí àti ewédú gbígbẹ tí mo rà ní ọjà Bódìjà ṣì wà nínú báàgì, bí mo bá ti rí i, ẹkún ni. Kí ni kí n ṣe?

Alhaji Mọ́kọ́lá
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ó ṣe èmi náà rí. Ní 2020 tí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa ní oṣù kẹta, oṣù kẹsàn-án ni bàálù òkèèrè tó padà sí Èkó. Fáọ́ṣà ni wọ́n fún mi fún Úmúrà tí mo ti sanwó rẹ̀. Mo ń wò ó títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Sisí Bódìjà
Màmá, ìgbà wo lẹ ra ìńṣọ́ránsì náà? Irú èwo ni? Ọjọ́ wo sì ni bàálù yín fẹ́ gbéra?

Ìyá Ayọ̀, Challenge
Ṣé jìbìtì lẹ rò pé mo fẹ́ lù ni? Oṣù méjì kí n tó ṣubú ni. Ejẹ́ńtì tó bá mi ṣe físà ló rà á fún mi.

Bùọ̀dá Dùgbẹ̀
Mo ti ṣiṣẹ́ ìńṣọ́ránsì rí. Owó tó jáde lápò yín, tí ẹ ò sì lè rí gbà padà mọ́, ni wọ́n sábà máa ń san. Àwọn kan ò ka fáọ́ṣà sí rárá, àwọn mìíràn máa ń kà á tó bá wà nínú ìwé àdéhùn wọn. Ṣùgbọ́n 186,000 yẹn, owó ni, ẹ wá rìsíìtì rẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni "ejẹ́ńtì físà". Ohun tí físà Ṣẹ́ńgẹ́nì, ìyẹn físà Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lò ó, ń béèrè ni ìtọ́jú àìsàn tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán, àti owó gbígbé èèyàn padà wálé. Kò kan tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò lò.

Ìyá Ìbejì Apátà
Ẹ̀yin ìyá, kí ló dé tí ẹ kì í ka ìwé kí ẹ tó sanwó?

Alhaji Mọ́kọ́lá
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán kọ́ là ń bá wí. Màmá, ẹ fẹjọ́ sun NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì.

Bùọ̀dá Dùgbẹ̀
Alhaji, NAICOM ò lè fi tipátipá gba ohun tí kò sí nínú àdéhùn. Ti ọdún tó kọjá ni kí á wò. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù Yúróòpù ni, òfin wọn, 261 ti 2004, ní owó ni kí wọ́n dá padà láàárín ọjọ́ 7, àfi bí èrò bá fọwọ́ sí i pé òun gba fáọ́ṣà. Ṣé ẹ fọwọ́ sí nǹkan kan?

Ìyá Ayọ̀, Challenge
Ọmọkùnrin mi ló tẹ nǹkan kan lórí fóònù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnì kan ò lè bá wọn jà.

Sisí Bódìjà
Màmá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ọjọ́ wo ni bàálù náà?

Ìyá Ayọ̀, Challenge
Ọ̀la, ní alẹ́. N kò tíì sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù. Mo ní kí ìńṣọ́ránsì kọ́kọ́ dáhùn, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo fúnra mi wọ́gi lé e.

Sisí Bódìjà
Ha! Màmá! Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí! Tí bàálù bá gbéra tí ẹ ò yọjú, tí ẹ ò sì sọ tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè ṣòfò.

Ìyá Ìbejì Apátà
Ẹ fi ìwé dókítà ránṣẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ níṣàájú.

Ìyá Ayọ̀, Challenge
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi pè wọ́n, wákàtí kan ààbọ̀ ló fi dúró lórí fóònù. Wọ́n gbà láti sún un síwájú ọ̀sẹ̀ 8, a ó san ìyàtọ̀ owó. Mo tún ka ìwé ìńṣọ́ránsì náà. Òótọ́ ni, owó ìtọ́jú àìsàn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ti tíkẹ́ẹ̀tì.

Bùọ̀dá Dùgbẹ̀
Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Kí ẹ tó san ìyàtọ̀ náà, ọjọ́ wo ni físà yín parí? Ìńṣọ́ránsì náà ńkọ́?

Ìyá Ayọ̀, Challenge
Ẹ jẹ́ kí n wá pásípọ́ọ̀tù.