Ẹ̀tàn, jìbìtì àti gbájúẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà

Ẹnì kan nínú wa dábàá pé kí a kó ẹ̀tàn, jìbìtì, gbájúẹ̀ àti èrú sí ojú kan nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, kí a kọ òtítọ́ síwájú wọn gẹ́gẹ́ bí òdìkejì, kí a sì ṣẹ̀dá "ìtànjẹ-ayélujára" fún irú èyí tí ó ń dé bá wa lórí fóònù. Mo gbà pé ẹbí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀kan dípò èkejì nínú gbólóhùn, ara èdè kì í gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi àlọ́ Ìjàpá àti Erin wò ó. Oyè ni Ìjàpá fi mú Erin kúrò nínú igbó. Orin "A ó mérin jọba" ni wọ́n ń kọ fún un títí tí ó fi jókòó sórí ẹní tí a tẹ́ bo kòtò. "Ìjàpá tan Erin jẹ" kò ṣe àjèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá sọ pé "Ìjàpá lu Erin ní jìbìtì" yóò pa àwọn ọmọdé tí ó ń pàlọ́ fún lẹ́rìn-ín, nítorí Erin kò san owó kankan, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó bá a lọ. Owó tàbí dúkìá ni jìbìtì ń wá. Ẹ̀tàn kò bìkítà ohun tí ó máa gbà.

Nínú ẹ̀tàn fúnra rẹ̀, ó yẹ kí a ya "tàn" sọ́tọ̀ kúrò lára "tàn jẹ". Ìyá lè tan ọmọ rẹ̀ kí ó lè mu àgbo, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó tan ọmọ náà jẹ. "Jẹ" yìí ni ó ń mú òfò wá, òun náà ni ó sì wà nínú "rẹ́ jẹ" àti "yàn jẹ". Àmọ́ yàn jẹ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹgbẹ́ yìí rárá, ní èrò tèmi. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ san ìdajì owó fún mọ̀ dájú pé wọ́n yan òun jẹ. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún un.

Èrú ní tirẹ̀ jẹ́ ti ohun tí ó ní ìlànà: ayò, ìdánwò, ìbò. A lè ṣe èrú ìbò láìbá olùdìbò kankan sọ̀rọ̀. Gbájúẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro, ẹgbẹ́ "fọ́ọ̀ wàn náìnì" tí ó ti inú ìpín 419 òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà jáde, ìpín tí ó dá lórí fífi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn.

Ibi tí mo ti yapa jù lọ sí àbá náà ni ọ̀rọ̀ òdìkejì. Irọ́ ni òdìkejì òtítọ́. Ẹ̀tàn lè gun orí òtítọ́ débi tí ó ń lọ. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 20, Ábúráhámù sọ fún àwọn ará Gérárì pé arábìnrin òun ni Sárà, Ábímélékì ọba sì ránṣẹ́ mú un. Nígbà tí àṣírí tú, Ábúráhámù ṣàlàyé pé ọmọ bàbá òun ni lóòótọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá òun. Ohun tí ó sọ kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ ó tan ọba jẹ. Bí a bá wá kọ òtítọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òdìkejì ẹ̀tàn, níbo ni a fẹ́ fi Ábúráhámù sí? Àwọn àgbà máa ń sọ pé "mo fi inú kan bá a lò", ẹni tí a bá sì tàn jẹ ni ó sábà máa ń fi ohùn arò sọ bẹ́ẹ̀. Inú kan ni mo rò pé ó yẹ kí a kọ síbẹ̀, kí òótọ́ inú tẹ̀ lé e. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ni, ó sàn ju ọ̀rọ̀ kan tí kò bá a mu lọ.

Ní ti "ìtànjẹ-ayélujára", mi ò rí iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe. Bí ìkéde èké bá wọlé sórí fóònù pé báńkì fẹ́ ti àpò owó ẹni pa, tí ó sì ń béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì, "àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀tàn" ti tó láti pè é, nítorí owó kò tíì kúrò níbẹ̀. Bí owó bá ti lọ, gbájúẹ̀ ni, ọlọ́jà àti ọlọ́kadà sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣì nílò àlàyé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ jù mí lọ ni màdàrú, tí àwọn kan ń lò fún èrú ìbò, tí àwọn mìíràn sì ń lò fún ìwé ìṣirò owó tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ dà rú kí ẹnikẹ́ni má lè tọpa rẹ̀.