Ìdajì orí ló gbé lọ sílé: ta ni kí n pè fún àbúrò yìí?

Onídìrí Manchester: Ẹ kú àsìkò yìí o. Orí ni mò ń dì nílé mi. Àbúrò kan máa ń wá (mo yí díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀). Físà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló bá wọ̀lú. Ó ń tọ́jú arúgbó lóru, àmọ́ àkáǹtì ọkọ lowó ń wọ̀. Ní Sátidé, bí òòyà ṣe kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó ta gìrì. Mo wò ó, ojú ibẹ̀ wú, irun ibẹ̀ sì ti fà tu. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù ló gbá òun. N ò fèsì. Ọkọ pè lórí fídíò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kó yí fóònù kiri kóun rí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé. Ìgbà kẹrin, ó ní kó máa bọ̀. A ò tíì dì í tán.

Àwọn àgbà ìjọ ní kó kúnlẹ̀ bẹ ọkọ, pé ahọ́n àtẹnu ń jà. Ó ń bẹ̀rù pé bí ọlọ́pàá bá dá sí i, wọ́n á dá òun àtọmọ padà sí Nàìjíríà.

Baba T: Ẹ fọ̀rọ̀ ilé onílé sílẹ̀. Òyìnbó á tú wọn ká. Ẹ ránṣẹ́ sí ẹbí nílé.

Ìyábọ̀ Leeds: Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹbí tó wà ní Nàìjíríà, ṣé wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú lóru? Láti 2015 ni òfin England ti ka irú ìṣọ́lọ́wọ́-ṣọ́lẹ́sẹ̀ yìí sí ọ̀ràn. Òfin 2021 dárúkọ gbígba owó ẹni, ó sì ka ọmọ tó ń wò wọ́n mọ́ àwọn tí wọ́n ṣe níkà.

Ẹ̀gbọ́n, 0808 2000 247 ni kó pè, ìlà ìrànwọ́ àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Fóònù tiyín ni kó lò. Kó béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kí ará ìjọ túmọ̀ fún un o, èmi fojú mi rí i. Láti oṣù kejì 2024, irú òun tó bá físà ọkọ wọ̀lú lè tọrọ àyè láti gbé níbí fún oṣù mẹ́ta lórúkọ ara rẹ̀, kó sì gba ìrànwọ́ ìjọba. Àmọ́ kó rí lọ́yà kó tó kọ ọ́! Bí wọ́n bá ti fún un, físà tó fi ń ṣiṣẹ́ parí nìyẹn, oṣù mẹ́ta kì í sì í pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́: Bó bá le tí kò lè sọ̀rọ̀, kó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lórí fóònù alágbèéká, kó tẹ 55 tí wọ́n bá ní kó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè so ó pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá. 55 kì í fi ibi téèyàn wà han ọlọ́pàá, nítorí náà kó gbìyànjú láti sọ àdírẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Onídìrí Manchester: Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ fúnra rẹ̀ ló pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n parí orí náà kó tó di Sunday, ojú ń ti òun láti mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Mo ní ó máa gbà wá ní wákàtí mẹ́rin. Mo ti cháàjì fóònù mi.